Orí Keje: Ẹlẹgbẹ́ Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́ ní Wọ́ọ̀dù

Kì í ṣe ohun tuntun kí nọ́ọ̀sì méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ òru má gbọ́ra yé. Bí ẹ bá ní kí ọ̀kan nínú wọn ka ẹ̀sùn tó ní sí èkejì, ilẹ̀ á mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀: kì í kí ènìyàn, orí fóònù ló ń gbé, kò wọlé lákòókò rí, ó ń ṣe bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọsibítù, ó kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún màmá tó wà ní ibùsùn kẹrin láìfi ẹ̀rọ kàn án lápá. Ẹ wo bí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe sá pamọ́ sáàárín àwọn yòókù. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohùn tó fi sọ ti fóònù náà ló fi sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ti máa ń dàrú mọ́ wa lójú. A kì í ya ohun tó ń bí wa nínú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń pa aláìsàn lára, nítorí náà a ó máa kùn nípa gbogbo rẹ̀ nídìí tábìlì, a kò sì ní í sọ ìkankan níbi tó yẹ ká sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín nínú orí yìí ni pé ibùsùn aláìsàn ni òṣùwọ̀n. Ìwà tó bá ti dé ibùsùn, ẹ bá ẹni tó hù ú sọ ọ́, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí sùúrù parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí, yálà ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Benin ní Ugbowo, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1973, tàbí ní ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ ní Sapele Road, tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni oníbùsùn mẹ́wàá lẹ́yìn ọjà.

Ẹnì kan lè sọ pé òṣùwọ̀n yìí yóò dá àwọn abèébú àti onígbèéraga láre, nítorí èébú kì í kúkú ṣe abẹ́rẹ́. Àmọ́ ọ̀nà tó lọ sí ibùsùn gùn ju bí a ṣe rò lọ. Ní ọdún 2015, àwọn oníwádìí ní Israẹli, tí Arieh Riskin ṣáájú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde nínú Pediatrics, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé. Wọ́n kó ikọ̀ 24 jọ, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ ìkókó tí oṣù rẹ̀ kò pé, wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ọmọ kan tí ara rẹ̀ ń burú sí i. Ìdánrawò ni, kì í ṣe ọmọ gidi. Àwọn ikọ̀ kan gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù díẹ̀ lẹ́nu àlejò kan tí wọ́n ní ó jẹ́ onímọ̀, àwọn yòókù kò gbọ́ èébú kankan. Àwọn tó ń fún wọn ní máàkì kò mọ ikọ̀ tí wọ́n bú. Nígbà tí wọ́n ka máàkì, àwọn tí wọ́n bú ló ṣe èyí tí kò dára tó, àti nínú mímọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, àti nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn tó, wọn kò sì béèrè ìrànlọ́wọ́ tó. Àlejò lásán ló bú wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tilẹ̀ le. Ẹ wá fi ẹni tó ń búni lójoojúmọ́ wé e.

Bí nǹkan yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tiwa nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì dúró nídìí kẹ̀kẹ́ oògùn, sìríǹjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ohun tí dókítà kọ. Kò dá a lójú bóyá mílígíráàmù ni tàbí mílílítà. Ẹni tó lè sọ fún un jókòó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni yìí ti bi í láàárọ̀ yẹn, níwájú àwọn ẹbí aláìsàn, pé ta ló bá a ṣe ìdánwò tó fi wọlé. Ọmọ náà kò ní í béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Yóò fa oògùn náà bó ṣe rò ó. Èébú ti dé ibùsùn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wádìí ohun tó ṣe aláìsàn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ìwà kan kò kan aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó ti di ẹnì kan lẹ́nu tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Edo, nǹkan mìíràn tún ń rìn láti ibùsùn dé ibùsùn. Edo wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa máa ń bá jà jù lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, ọsibítù ìkọ́ni tó wà ní Irrua sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà yìí jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ara àwọn nọ́ọ̀sì gan-an ni ayé ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, bá a nu ẹnu, ojú ọgbẹ́ kékeré kan sì wà ní ìka rẹ̀. Òun náà kú. Àìsàn náà tún mú Pinneo, nọ́ọ̀sì kẹta, tó tọ́jú wọn. Òun ni orí kó yọ. Shaw kò ṣàṣìṣe, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Àwa ti mọ̀ báyìí. Ẹlẹgbẹ́ tó ń fi ọwọ́ lásán fa ẹ̀jẹ̀, tó ń fi abẹ́rẹ́ tó ti lò sílẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn kí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ wá fọwọ́ kó o, tó sì ń sọ pé ibà lásán ni, kò lè sọ pé ọwọ́ òun ni, kò kan ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ kan gbogbo yín.

Bí ẹ bá ti rí i dájú pé ọ̀rọ̀ dé ibùsùn, ẹnu ni ẹ kọ́kọ́ lò kí ẹ tó lo bírò. Mo yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú èyí: ẹni tó mu ọtí wá síṣẹ́, ẹni tó gbá aláìsàn létí, ẹni tí oògùn bíi mọ́fíìnì tàbí pẹ́tídíìnì pòórá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gba ìjókòó. Ẹ dúró ti aláìsàn, ẹ pe ọ̀gá tó ń bojú tó gbogbo ọsibítù lóru yẹn, ẹ sì kọ aago tí ẹ pè é sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù, ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín tán, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, níbi tí aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ kò sí. Ohun tó ṣe ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Bí ó bá jù yín lọ, ẹ lè sọ pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo rí 130 lórí 80 tí ẹ kọ fún màmá ibùsùn kẹrin láago mẹ́rin. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n láago mẹ́fà, 190 lórí 110 ni mo bá. Ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣe wàhálà ni, àbí iṣẹ́ pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́?” Kẹ́ ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn tó jáde kò ní í jẹ́ ohun tí ẹ rò. Bátìrì ẹ̀rọ lè ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú sì lè máa tì í láti sọ. Bí ó bá jẹ́ àbúrò ni, ẹ má tìtorí pé ẹ dàgbà jù ú lọ kí ẹ pariwo mọ́ ọn. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ó wọn ìfúnpá lọ́la, kì í ṣe kí ó sunkún lónìí.

Ọ̀rọ̀ èdè àti ẹ̀yà tún wà níbẹ̀. Benin City kì í ṣe Ìbàdàn. Ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo níbẹ̀, ọmọ Edo wà, ọmọ Esan wà, ọmọ Etsako, Urhobo àti Ìgbò wà, pijin ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Bí nọ́ọ̀sì méjì tó jẹ́ Yorùbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá nídìí tábìlì, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnì kẹta ń kọjá, ẹni yẹn ti gbà pé òun ni wọ́n ń sọ. Aláìsàn tí ẹ ń sọ ọ́ lé lórí náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí “Kóyo” ní ìlú yẹn, ẹ má sì kọ́kọ́ lọ kó àwọn ọmọ Yorùbá jọ láti gbè sẹ́yìn yín. Mo mọ ohun tí yóò jáde lẹ́nu ẹni tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn: “Torí pé n kì í ṣe Yorùbá ni.” Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn fi lè jábọ́. Òṣùwọ̀n tí ẹ lò fún un ni kí ẹ ti lò fún ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ọmọ ìlú yín bá ṣe ohun kan náà lóṣù tó kọjá, tí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀sùn ẹ̀yà náà ti di òótọ́, kò sì sí ẹ̀rí tó máa wẹ̀ yín mọ́.

Bí ẹnu kò bá ran án, ó di kíkọ. Ẹ wo ṣáàtì kan báyìí: 36.8 láago mẹ́wàá alẹ́, 36.8 láago méjì òru, 36.8 láago mẹ́fà ìdájí, fún ibùsùn mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ara wọn, bírò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, ó sì hàn pé ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ara ènìyàn mẹ́jọ kì í gbóná dọ́gba láti alẹ́ mọ́jú. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ̀gá wọ́ọ̀dù pé “ọ̀lẹ àti òpùrọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí” ti kọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, ọ̀rọ̀ di “mo sọ, ìwọ náà sọ”. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní ó kọ ọjọ́ àti aago. Ó kọ pé tẹmómítà wọ́ọ̀dù wà nínú dúrọ́ọ̀, kò sì sí bátìrì nínú rẹ̀. Pé ibùsùn 3 sí 10 ní 36.8 lẹ́ẹ̀mẹta, pé òun yá tẹmómítà wọ́ọ̀dù kejì, ibùsùn 5 sì jẹ́ 38.9, pé òun pe dókítà láago mẹ́fà ààbọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Kò nílò rẹ̀. Nínú fáìlì aláìsàn, ohun tó kan ara aláìsàn nìkan ni kí ẹ kọ: 38.9, ẹ pe dókítà, aago báyìí. Ọ̀rọ̀ nípa ẹlẹgbẹ́ yín ní ìwé tirẹ̀: fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀ bí ọsibítù yín bá ní in, lẹ́tà lásán bí kò bá ní. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ lo nọ́ńbà ibùsùn, ẹ má lo orúkọ aláìsàn. Ẹ má ya fídíò, ẹ má ya fọ́tò ṣáàtì, ẹ má gbé e sí WhatsApp. Òfin Ìlera ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ẹni tó fi fóònù mú ọ̀lẹ lè bá ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kó tó kan ọ̀lẹ náà.

Lẹ́tà náà ń gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ọ̀gá ẹ̀ka, lẹ́yìn náà olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìlànà òṣìṣẹ́ ya àìkúnjú òṣùwọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ìwà àìtọ́ àti ìwà àìtọ́ tó wúwo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kúẹ́rì ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn. Àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ló wà lókè pátápátá, òun ló ń sọ láísẹ́ǹsì dọ̀tun lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ sì lè yọ orúkọ ènìyàn kúrò nínú ìwé. Ẹ má fo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá kọ̀wé sí àjọ yìí ní Abuja kó tó bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ ti kó ẹjọ́ fún ara rẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó ti sọ fún.

Àtakò tó máa ń kọ́kọ́ dìde ni pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, owó ilé wà lọ́rùn rẹ̀, ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Àánú ló ń sọ̀rọ̀, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nígbà tí ṣáàtì rẹ̀ kọ́kọ́ wọ́, ìkìlọ̀ ni yóò gbà. Ẹni tí gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́ fún lọ́dún méjì, ọjọ́ tí aláìsàn bá kú ni yóò mọ̀ pé wọ́n ti rí i tipẹ́, ní ọjọ́ yẹn ìkìlọ̀ ti kọjá. Ìdákẹ́ wa ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Òfin ìwà àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé, tí àjọ wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1953, kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni: nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dìde nígbà tí ìwà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ pa aláìsàn lára.

Àtakò kejì ló wúwo jù lójú mi. Wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn ló burú, iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì méjì kò lè bójú tó ọgbọ̀n aláìsàn lóru. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje 2025, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú owó iṣẹ́ àṣegbà àti owó aṣọ iṣẹ́. Àwọn tó ti lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kò fi ẹni kankan rọ́pò ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ráyè wọn ìfúnpá yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ìfúnpá tí kò wọ̀n. Ó rẹ ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kejì purọ́. Ẹni tó rẹ̀ lè kọ òótọ́: “Kò ṣeé ṣe láago méjì, nọ́ọ̀sì méjì, aláìsàn ọgbọ̀n, pàjáwìrì wà ní ibùsùn 12.” Gbólóhùn yẹn ń dáàbò bo aláìsàn, torí ẹni tó ń bọ̀ láàárọ̀ yóò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ń dáàbò bo ẹni tó kọ ọ́. Ó sì ń ṣe ohun kẹta tí a kì í rò: ó ń fi àìtó òṣìṣẹ́ han àwọn tó ń ṣètò owó. Ṣáàtì tó kún fún 36.8 ń sọ fún ọ̀gá ọsibítù pé nọ́ọ̀sì méjì tó, àní wọ́n ráyè lọ sí ibùsùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Irọ́ tí a fi bo àárẹ̀ wa mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí àárẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ láti ka ẹni tó ń kọ irọ́ sínú ṣáàtì mọ́ àwọn tí ètò fìyà jẹ. Ó ń ran ètò náà lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ìgbẹ̀san ló kù, n kò sì ní í tàn yín. Ní ọsibítù Stafford ní England, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Helene Donnelly kọ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ nípa ohun tó ń rí ní ẹ̀ka pàjáwìrì, títí kan àkókò tí wọ́n ń yí padà nínú ìwé kó lè dà bí ẹni pé aláìsàn kò dúró pẹ́. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù ń bà á láti dá rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Ó kúrò níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò dá ìwà náà dúró nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí Robert Francis wádìí ọ̀rọ̀ ọsibítù náà, tí ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2013, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọ̀gá ní ọ̀nà tó lè gbà di ènìyàn mú: nígbà tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì gbé ìlànà jáde ní oṣù kejì 2024 fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé wọn lókè òkun, lẹ́tà ìwà rere láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n béèrè, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde wọ́de lé e lórí. Nítorí náà, ẹ má dá kọ̀wé bí ẹlòmíràn bá rí ohun tí ẹ rí. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kó má jẹ́ ìgbà tí kúẹ́rì bá dé ọwọ́ yín ni ẹ ń wá a. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lòdì sí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́ láti ọdún 2022, ẹ lè tọ́ka sí i bí ọ̀rọ̀ bá le.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹlẹgbẹ́ yín pè sí kọ̀rọ̀, ẹ má wá ẹni tó rán an. Ẹ dáhùn ohun tó bi yín.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbaṣẹ́ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ bátìrì tẹmómítà wò, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín wọn ìfúnpá màmá tó wà ní ibùsùn kẹrin.